Ẹ Tan Tráfíkétọ̀ Kí Ẹ Tó Yà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wakọ̀ ní Ring Road, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ṣe tráfíkétọ̀ fún. Ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí ẹ bá wá tàn án nígbà tí ẹ ti ń yí sítíárìn, ọlọ́kadà ẹ̀yìn yóò ti gbá yín kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Ẹ tàn án kí ẹ tó tẹ bíréèkì, ẹ wo dígí, lẹ́yìn náà kí ẹ yà. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni iná méjèèjì tí ẹ ń tàn pọ̀ ní oríta Challenge, pé ọ̀ọ́kán lẹ ń lọ. Ta ló kọ́ yín? Ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú títì ló ni iná yẹn. Kẹ̀kẹ́ Marwa tó wà lápá ọ̀tún yín lè má rí ju ẹyọ kan lọ, á sì gbà pé ẹ fẹ́ yà. Ẹni tó ń lọ tààrà kò nílò iná kankan.

Ẹ ó ní bí ẹ bá tan tráfíkétọ̀, oní-Micra á sáré dí yín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dí yín ti rí yín. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ ń yà ló ń kọlu ọkọ̀. Bí ẹ sì ní kò sẹ́ni lẹ́yìn, ibi tí dígí kò ká ńkọ́? Kì í sì ṣe ẹni ẹ̀yìn nìkan ló yẹ kó rí i: láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, yíyà sí òsì ló ń gé ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti tètè tàn án.