Kí A Tó Ra Fọ́ọ̀mù

Púpọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ oṣù, a sì tún fẹ́ gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Ọ̀nà wà. National Open University, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n tì pa ní 1984, ti ṣí padà láti 2002. Níbẹ̀, bí kọ́ọ̀sì tí a mú bá ṣe kéré ni owó ń dín kù.

Ṣùgbọ́n ilé ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ a ra fọ́ọ̀mù láìsọ fún ìyàwó. Ọjọ́ tí owó ilé-ìwé ọmọ bá pé ni àṣírí yóò tú. Bí ó bá sì jẹ́ ìyàwó ni akẹ́kọ̀ọ́, a ó fẹ́ kí ọbẹ̀ tètè jinná bíi ti àtẹ̀yìnwá! Èyí kò tọ́. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ní ìdánwò, kí bàbá wẹ ọmọ, kí ó sì fún un lóúnjẹ.

Ìṣirò owó kò ṣeé kó jọ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbá, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tí ẹ bá ń retí ọmọ tuntun, ẹ mú kọ́ọ̀sì méjì péré.