Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ilé Ìsinmi Inú Igbó

Ẹ jẹ́ kí á rò ó pé bàbá yín ra ilẹ̀ sí inú igbó kan. Odò kékeré ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, omi rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Bàbá yín fẹ́ kọ́ ilé tí gbogbo ẹbí yóò ti máa lo àkókò ìsinmi síbẹ̀. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kí á gé gbogbo igi, kí á fọ́ àpáta, kí á sì tẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ǹjẹ́ igbó tí a torí rẹ̀ wá ṣì wà níbẹ̀?

Irú ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oníṣòwò pàtàkì kan wà ní ìlú Pittsburgh tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edgar Kaufmann. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọkùnrin kan ṣoṣo fẹ́ràn láti máa lọ sinmi nínú igbó tí odò Bear Run ń ṣàn gbà. Wọ́n a máa wẹ̀ nínú odò náà, wọ́n a sì máa yá oòrùn lórí àpáta ńlá kan. Ní òpin ọdún 1934, Kaufmann mú ayàwòrán-ilé olókìkí kan, Frank Lloyd Wright, wá wo ibẹ̀.

Ẹbí náà rò pé Wright yóò kọ́ ilé sí ibi tí wọn yóò ti máa wo omi náà ní ọ̀ọ́kán. Wright kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ya àwòrán ilé náà ní ọdún 1935, orí omi gan-an ni ó gbé e kà. Ẹni tí ó bá jókòó nínú ilé náà yóò máa gbọ́ ohùn omi tọ̀sán-tòru. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1936. Fallingwater ni wọ́n sọ ilé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni omi tí ń já wálẹ̀.

Báwo ni ilé yìí ṣe bá igbó rẹ́? Èkíní, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n ti wa òkúta tí wọ́n fi mọ ògiri. Nítorí náà, ògiri àti àpáta jọ ara wọn. Èkejì, wọn kò fọ́ àpáta tí ẹbí náà máa ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú pálọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń dáná yá ní ìgbà òtútù. Ẹ̀kẹta, níbi tí ọ̀pá kọnkéré ti fẹ́ gba ojú igi kọjá, wọ́n tẹ kọnkéré náà yí igi ká. Igi kò yà fún ilé. Ilé ni ó yà fún igi. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn láti inú pálọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ojú odò.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Àwọn bákónì ilé náà nà jáde sórí omi bí ẹ̀ka igi, láìsí òpó ní iwájú wọn. Ẹ̀rù ba àwọn ẹnjiníà tí Kaufmann fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Wọ́n fi irin kún irin tí Wright ní kí wọ́n lò. Nígbà tí Wright gbọ́, inú bí i gidigidi. Síbẹ̀, bí wọ́n ti yọ pákó tí ó gbé kọnkéré ró, bákónì náà tẹ̀ díẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó tẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 7. Ní ọdún 2002 ni wọ́n tó fi okùn irin líle fà á mọ́ra kí ó má baà wó. Ta ni ó mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kì í bá ṣe ti irin tí wọ́n fi kún un?

Lẹ́yìn ikú àwọn òbí rẹ̀, ọmọ Kaufmann fi ilé àti igbó náà ta ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo ilẹ̀ lọ́rẹ ní ọdún 1963. Láti ọdún 1964 ni àwọn ènìyàn ti ń lọ wò ó. Ní ọdún 2019, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Àlejò ni ẹni tí ó kọ́lé sínú igbó. Kí ó má ṣe lé onílé jáde. Bákan náà, ilé tí ó lẹ́wà gbọ́dọ̀ lágbára. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìdánrawò
1. Níbo ni ẹbí Kaufmann rò pé wọn yóò kọ́ ilé náà sí?
2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ilé náà gbà bá igbó rẹ́.
3. Kí ni ó bí Wright nínú? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí inú bí i? Sọ ìdí rẹ.
4. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn: ayàwòrán-ilé, àtẹ̀gùn, òpó, àjogúnbá.
5. Ya àwòrán ilé tí ìwọ yóò kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi ńlá kan láìgé igi náà.