Oníbàárà tó wúwo fẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń sáré: ohun tó yẹ kí ontàjà kọ́kọ́ wò

Èrè ọjà kì í ṣe ti ọjọ́ tí wọ́n rà á nìkan. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere tí oníbàárà rà lónìí, tó gbé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé sípóòkì rẹ̀ ń já, ti jẹ èrè rẹ̀ tán. Bó bá sì já lójú títì tí ẹni náà ṣubú, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ̀yin tó ń ta kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yin tó ń tún un ṣe mọ ohun tí ẹ máa yàn fún ẹni tó ju 100 kílò lọ, tó sì fẹ́ rímù gíga tó ń la atẹ́gùn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé rímù gíga kò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rímù tó ga tó 40 tàbí 50 mílímítà máa ń le ju èyí tó pẹlẹbẹ lọ. Ibi tí wàhálà wà ni sípóòkì, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń dín in kù kó lè fúyẹ́. Sípóòkì 20 níwájú àti 24 lẹ́yìn lè tó ẹni 70 kílò. Fún ẹni 110 kílò, 24 níwájú àti 28 lẹ́yìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá tún ń gbé ẹrù, kí ti ẹ̀yìn jẹ́ 32.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ náwó lé jù. Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo, òun náà ni ṣéènì ń fà. Sípóòkì tó dẹ̀ ló sábà máa ń já. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí, ó ń dẹ̀, ó ń le, títí yóò fi já níbi ọrùn tó tẹ̀ sínú họ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ka ìwé tó bá ọjà náà wá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ka ìwúwo ẹni tó gùn ún nìkan, àwọn mìíràn ń ka ẹni náà, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù pọ̀. Bí oníbàárà bá jẹ́ 110 kílò, tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ 9, tí omi àti báàgì jẹ́ 3, àpapọ̀ wọn jẹ́ 122. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 120 sí fún àpapọ̀ kò lè gbé e.

Bó bá jẹ́ pé rímù ni bíréèkì ń dì mú, alumíníọ̀mù ló fọkàn balẹ̀ jù. Bíréèkì máa ń mú rímù kábọ́ọ̀nù gbóná gan-an lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn. Táyà tó fẹ̀ tó 28 mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára, bí rímù àti kẹ̀kẹ́ bá gbà á.

Ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà: ara ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló ń kọlu atẹ́gùn jù, kì í ṣe rímù. Eré tí rímù gíga ń fi kún un kò pọ̀, nítorí náà kó kọ́kọ́ wá èyí tó lágbára. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ìwúwo rẹ̀, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má bi í lójú èrò. Oníbàárà tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, tí ẹ kò sì tàn jẹ, ni yóò mú ẹlòmíràn wá.