Ọ̀nà Tí Ọnà Ń Gbà Dé Orí Fìlà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ mọnogíráàmù kékeré wọlé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì, iná ojú rẹ̀ ń tàn. Ọnà tó wù yín wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn bí àna tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la ti rí oní-mọnogíráàmù àtijọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ì báà jẹ́ níhìn-ín ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ní Ìdí-Ìrókò, tàbí ní Ìlaròó. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya ọnà sí ọrùn bùbá, á fa aṣọ le nínú férémù, á wá máa fi ọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀ káàkiri lábẹ́ abẹ́rẹ́. Orúnkún rẹ̀ ń ti irin kan tó ń mú kí gígún fẹ̀ tàbí kó tín-ín-rín. Ojú rẹ̀ ń wo ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ ń tẹ̀ lé ojú. Ẹ̀rọ tí ẹ rà yìí kò lójú tó fi ń ríran. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé férémù lọ sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ kò kúrò lójú kan. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ. Bí ẹ bá ti lè fojú inú rí i pé aṣọ ló ń rìn, tí abẹ́rẹ́ sì dúró, a lè máa lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà lédè wa tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n: ọnà àti ọ̀nà. Ọnà ni ohun tí ojú rí tó sọ pé ó dára. Ọ̀nà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ẹ̀rọ yín kò mọ ọnà rárá. Ọ̀nà nìkan ló mọ̀. Ká sọ pé ọlọ́kadà kan wà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tí kò dé Ìlaròó rí. Bí ẹ bá fún un ní fọ́tò ààfin Olú Ìlaròó, fọ́tò náà ì báà dán bíi dígí, kò lè fi débẹ̀. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé: máa lọ tààrà, yà sọ́tùn-ún, bó o bá dé oríta, yà sósì. Fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí orúkọ rẹ̀ parí sí jpg, ọnà ni, kì í ṣe ọ̀nà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó sọ ọ́ di ọ̀nà, gígún kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ yìí ni òyìnbó ń pè ní digitizing. Èmi ń pe ohun tó ń jáde níbẹ̀ ní ìlànà abẹ́rẹ́, torí pé ọ̀nà ni a là fún abẹ́rẹ́. Ṣé ìyàtọ̀ ọnà àti ọ̀nà ti yé yín? Bí kò bá tíì yé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìdajì wàhálà tó wà níwájú, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ìlànà kan wò. Ẹ mú èyí tó ń jẹ́ DST, tí ilé iṣẹ́ Tajima ti Japan fi ń bá àwọn ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó kún inú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: lọ sọ́tùn-ún níwọ̀n báyìí, lọ síwájú níwọ̀n báyìí, gún. Ìwọ̀n tó ń lò kéré: ẹ pín mìlímítà kan sọ́nà mẹ́wàá, ẹ mú ẹyọ kan. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kò lè ju 121 irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn mìlímítà 12.1. Bí ibi tó ń lọ bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, á pín ìrìn náà sí méjì mẹ́ta, á máa fò láì gún. Bó bá tó àkókò láti pààrọ̀ òwú, ohun tó máa kọ síbẹ̀ kò ju pé kí ẹ̀rọ dúró. Kò ní sọ bóyá òwú pupa ló kàn tàbí òwú aláwọ̀ ewé, nítorí DST kò mọ àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọnà tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ àwọ̀ wúrà fi lè yọ ní búlúù lójú ẹ̀rọ. Ẹ má dààmú. Òwú tí ẹ bá fi sínú abẹ́rẹ́ ni aṣọ máa gbà. Ó yé wa títí dé ibẹ̀, àbí?

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ti ṣàjèjì jù fún ọmọ télọ̀. Kò ṣàjèjì o. Léèsì tó ń ti Lustenau wá, ìlú kan ní Austria tó ti ń kó o wá ta ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960, ẹ̀rọ ló ń rán ọnà ara rẹ̀. Ìran ẹ̀rọ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 1863, lọ́wọ́ Isaak Gröbli. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sára páálí, ihò yẹn sì ni ẹ̀rọ ń kà láti mọ ibi tí ọ̀nà kàn. Páálí oníhò yẹn ni baba ńlá fáìlì ìlànà abẹ́rẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín lónìí. Ìyá yín ti ń wọ fáìlì lọ sóde ìyàwó kó tó bí yín.

Ó dáa, ẹ padà wá. A ti ní ìlànà lọ́wọ́; ṣé ẹ̀rọ yín máa gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́? Àwa tí à ń gbé ẹnubodè mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ lè mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n bó bá ń fi Faransé júwe ọ̀nà fún ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, wọ́n á jọ dúró sí oríta ni. Ẹ̀rọ Brother ń gbọ́ PES. Janome ń gbọ́ JEF. Ọ̀pọ̀ Husqvarna Viking àti Pfaff ń gbọ́ VP3. Ọ̀pọ̀ Brother tún gbọ́ DST mọ́ tirẹ̀. Ìwé ìlò ẹ̀rọ yín máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Lára fáìlì, ẹ̀yìn àmì ìdánudúró ni èdè yìí wà, bí orúkọ ìdílé lẹ́yìn orúkọ àbísọ. Nínú fila1.pes, fila1 ni àbísọ, pes ni orúkọ ìdílé. Bí kọ̀ǹpútà Windows yín bá ń fi orúkọ ìdílé pa mọ́, ẹ tẹ View nínú File Explorer (bí Show bá yọ níbẹ̀, ẹ tẹ òun náà), kí ẹ fàmì sí File name extensions. Á yọ síta.

Mo gbọ́ ohun tí ẹnì kan ń rò lọ́kàn: ṣé a ò kàn lè pa dst rẹ́, ká kọ pes sí i ni? Mo ti dán an wò rí, oníbàárà sì jókòó tì mí. Mo pààrọ̀ orúkọ, mo fi tìgboyà-tìgboyà ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Oníbàárà wò mí, mo wo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sọ ọmọ Adé ní ọmọ Òjó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ògbufọ̀ ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni Ink/Stitch, tó ń ṣiṣẹ́ nínú sọ́fúwíà ìyàwòrán kan tó ń jẹ́ Inkscape, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ fi ṣí fáìlì DST yẹn, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Save a Copy, ẹ mú PES tàbí JEF nínú èdè tó tò síbẹ̀. Ó ti túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ yín bá ti dàgbà, ó lè kọ̀ láti ka PES tí sọ́fúwíà tuntun kọ, bí bàbá àgbà tí kò gbọ́ ẹnà àwọn ọmọ ìwòyí. Nígbà náà, bí sọ́fúwíà yín bá ń béèrè irú PES tí ẹ fẹ́, ẹ mú ti àtijọ́. Ṣé ẹ rí i pé pípààrọ̀ orúkọ àti títúmọ̀ kì í ṣe ohun kan náà?

Èdè ti bára mu. Ó ku ìwọ̀n. Férémù ẹ̀rọ ilé kì í tóbi. Àwọn kan kò gbà ju 100 mìlímítà níbùú àti lóròó. Àwọn tó tóbi díẹ̀ gba 130 lórí 180. Bí ìlànà bá fi mìlímítà kan ṣoṣo ju ààyè yẹn lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní fi hàn yín rárá, ẹ̀yin á sì rò pé fáìlì ló bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò wọlé lóròó lè wọlé níbùú. Ẹ má kàn fà á kéré lórí ẹ̀rọ títí á fi wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iye gígún kì í yí padà bí ẹ ṣe ń fà á, nítorí náà bí ẹ bá fún un pọ̀ jù, òwú á gun ara wọn lórí, aṣọ á le bíi páálí. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, aṣọ á máa yọjú láàárín òwú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni èmi kì í kọjá. Àti pé, kí n má tàn yín: ọnà àyà agbádá kò lè wọ irú férémù yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa tún aṣọ fà sínú férémù lọ́pọ̀ ìgbà. Fìlà, ọrùn bùbá ọmọdé, báàjì ilé ìwé, orúkọ lára aṣọ ìnujú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti mọ ìwọ̀n férémù tiyín? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ọkọ̀ tó máa gbé fáìlì dé inú ẹ̀rọ ló kù báyìí. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Kútọnu tàbí l'Ékòó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lẹ́nu tí fíláàṣì ń wọ̀. Àwọn kan, wáyà ni wọ́n fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ń lo káàdì tí a kì í rí rà mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú: bí wọ́n bá kọ 120V síbẹ̀ nìkan, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa láìsí transformer tó ń fa iná wálẹ̀, èéfín ló máa kọ́kọ́ rán. Tó bá jẹ́ onífíláàṣì, ẹ lo èyí tí kò tóbi. Fíláàṣì ńlá sábà máa ń wá pẹ̀lú ètò exFAT, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kò sì mọ̀ ju FAT32 lọ. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí fíláàṣì nínú kọ̀ǹpútà, ẹ mú Format, ẹ yan FAT32. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa lọ o, mo tún un sọ.

Fáìlì tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wá ní dídì, orúkọ ìdílé rẹ̀ á jẹ́ zip. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹrù náà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Extract All, torí ẹ̀rọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ wá mú èyí tó jẹ́ èdè ẹ̀rọ yín nìkan, ẹ dà á sí ojúde fíláàṣì, kì í ṣe nínú yàrá tó wà nínú yàrá. Orúkọ àbísọ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ó dùn mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń lu ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu bó bá fi àmì ohùn sílẹ̀: ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ. A títí dé Z àti iye ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè kà. Ẹ kọ ona1, kó kúrú. Bó bá ti wọlé tán, ẹ tẹ Eject kí ẹ tó yọ ọ́. Fíláàṣì tí a já gbà lẹ́nu kọ̀ǹpútà máa ń gbé ìlànà ààbọ̀ lọ. Ẹ ti ṣe gbogbo èyí tán? Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ tẹ àwòrán fíláàṣì lójú rẹ̀, ona1 á yọ. Ẹ wo iye gígún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Brother PE800, fún àpẹẹrẹ, kì í gún ju 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọnà tó ní 13,000 gígún á gba ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, láìka ìgbà tí ẹ ń pààrọ̀ òwú. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ bóyá epo rẹ̀ tó. Bí iná bá lọ láàárín, iye gígún tó ti ṣe ni kí ẹ ti kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi sáré padà sí gígún yẹn.

Ẹ má fi aṣọ fìlà dán an wò. Ẹ mú àgékù aṣọ tó jọ ọ́, ẹ fi sítéè tó ń mú aṣọ le sábẹ́ rẹ̀, ẹ fà á sínú férémù títí tó fi ń dún bí ìlù bí ẹ bá ta á níka, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó bá parí, ẹ má kọ́kọ́ wo iwájú. Ẹ dojú aṣọ dé, ẹ wá ibi tí òwú fẹ̀ bíi rìbọ́ọ̀nù, ẹ wò ó dáadáa: ṣé òwú bọ́bìn funfun wà láàárín, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tí òwú òkè sì yọ díẹ̀ sí i lọ́tùn-ún àti lósì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gbé aṣọ fìlà wá, kí ẹ ṣe ọnà sí i kí ẹ tó rán an pọ̀.