Kí ni ó ń fa ibà pọ́njú?

Bí ìyá kan ní Táíwò Road, Ìlọrin, bá rí i pé ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n, yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé ibà pọ́njú ni. Ṣùgbọ́n àrùn tí ń mú ojú pọ́n ju ẹyọ kan lọ, ọ̀ràn yìí sì ti ṣi ọ̀mọ̀wé ńlá lọ́nà rí.

Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní yẹ́lò fífà ni à ń sọ. Láyé àtijọ́, wọ́n ní afẹ́fẹ́ búburú inú ẹrẹ̀ àti ààtàn ni ó ń fà á. Ní 1881, Carlos Finlay ti ìlú Havana ní ẹ̀fọn ni. Wọn kò kà á sí, àfi ìgbà tí Walter Reed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1900.

Kí wá ni ẹ̀fọn ń gbé kiri? Ní 1919, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, kéde pé òun ti rí kòkòrò náà lára àwọn aláìsàn ní Ecuador. Àwọn dókítà tí Rockefeller Foundation rán wá sí Yàbá, l'Ékòó, ní 1925 wá kòkòrò yìí títí, wọn kò rí i. Ní 1927 a gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast (Ghana òde òní), a sì fi gún ọ̀bọ tí a kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ aláìsàn nínú asẹ́, síbẹ̀ ó ń ranni. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Wọ́n fi ẹ̀mí dí i. Adrian Stokes kó o, ó kú l'Ékòó ní September 1927. Noguchi wá sí Accra láti wádìí fúnra rẹ̀; ibà yìí kan náà ni ó pa á ní May 1928. Ó jọ pé àrùn inú ìtọ̀ eku, tí òun náà ń mú ojú pọ́n, ni ó rí ní Ecuador.

Bí Noguchi bá lè ṣì í mú, kí ni ti àwa? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òótọ́. Ẹ má fi àgbo dá ọmọ dúró sílé.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o. Ní September 2017, Ìfẹ́lódùn ní Kwara wa yìí ni a ti rí ọmọbìnrin ọdún méje kan tí ó ní in. Ọ̀sán ni ẹ̀fọn rẹ̀ ń jẹni, omi tí ó dúró ni ó ń yé sí: àmù tí kò ní ìdérí, àgbá omi òjò, táyà àlòkù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní 1937. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ọjọ́ ayé wọn. Bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gbà á.