Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OHUN TÍ IṢẸ́ RÉLÙWÉÈ KỌ́ WA NÍPA OWÓ ẸGBẸ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìpàdé: "Ṣé ẹ ò fọkàn tán akápò ni, tí ẹ fi ń bi í ní rìsíìtì?" Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè la ó ti mú ìdáhùn wá.

Ojú irin kò ṣàjèjì sí àwa ará Ọ̀tà àti Sàǹgó. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó wá sókè; nígbà tó di 1901, ọkọ̀ ti ń ná Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wọ ọkọ̀ Ìddó sí Ìjókò rí, nígbà tí àwọn èrò ń gun orí òrùlé rẹ̀ bí ẹni gun igi ọsàn. Lọ́dún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ Red Line ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo dé Òyìngbò.

Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ lè rò pé dírẹ́bà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ jẹ́ ká wo díẹ̀ nínú wọn.

1. Àwọn tó ń tọ́jú ojú irin. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọ́n ń wá irin tó sán, nọ́ọ̀tù tó tú, àti òkúta tó ti ṣí kúrò lábẹ́ irin. Òjò orí wọn, oòrùn orí wọn. Èrò inú ọkọ̀ kì í mọ orúkọ wọn.

2. Àwọn mẹkáníìkì. Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n ní láti yẹ bíréèkì wò. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń darí bíréèkì yìí. Bí kọ́ọ̀ṣì kan bá já kúrò lára èkejì, afẹ́fẹ́ á jáde, bíréèkì á sì mú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé nǹkan lè bàjẹ́. Ó wá ṣe é kó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ńṣe ni ọkọ̀ á dúró.

3. Stéṣọ̀n másítà àti dírẹ́bà. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò ó, ọgbọ́n kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá. Wọ́n ń pè é ní tókìn. Ẹ̀rọ méjì ni, ọ̀kan ní stéṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, wáyà iná sì so wọ́n pọ̀. Bí tókìn kan bá ti jáde, òmíràn kò ní jáde títí wọn yóò fi dá a padà. Bó ti wù kí dírẹ́bà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó, bí tókìn kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá.

4. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì níbi tí títì ti dábùú ojú irin. Òun ni àwọn onídáńfó ń bú pé ó ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń sáré, ó lè rìn ju ìdajì kìlómítà lọ kó tó dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní PWD, Ṣógúnlẹ̀. Ẹ̀mí bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sọdá ní Àgbàdo àti Ìjókò láàárọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Kí ẹ pẹ́ dé ilé iṣẹ́ sàn ju kí ẹ má dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí. A kò sì gbọ́ pé dírẹ́bà kan bínú pé, "Ẹ ò fọkàn tán mi ni ẹ fi ní kí n gba tókìn." Kì í ṣe pé wọ́n fi olè pe ẹnikẹ́ni. Ó máa ń rẹ ènìyàn, ènìyàn a sì máa gbàgbé. Ẹ̀mí èrò ló sì wà lọ́wọ́ wọn.

Owó ẹgbẹ́ náà kì í ṣe owó ṣeréṣeré. Owó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ni. Owó ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì ni. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Nítorí náà:

(a) Owó kankan kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìbuwọ́lùwé ènìyàn méjì.
(b) Bí ẹ bá san owó, ẹ gba rìsíìtì lójú ẹsẹ̀.
(d) Lóṣooṣù, ẹ fi ìwé ọwọ́ yín wé ìwé ẹgbẹ́.
(e) Ẹni tó bá ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, kó ka ìwé náà kó tó buwọ́ lù ú.

Akápò gan-an ni òfin yìí ń gbà sílẹ̀ jù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ìwé á bá a sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí bíréèkì fi ń mú fúnra rẹ̀ bí kọ́ọ̀ṣì bá já?
2. Nínú ẹgbẹ́ wa, kí ni a lè fi wé tókìn?
3. Ìgbà wo ni ẹ yẹ ìwé ọwọ́ yín wò kẹ́yìn?

Ẹ mú ìwé ọwọ́ yín dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ o. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́