Bí Ilé Ti Jìnnà sí Wa

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì, tí ẹrù yín kò tí ì tán nínú àpótí, tí òórùn ilé sì wà lára aṣọ tí ẹ wọ̀ síbẹ̀, kí ẹ tó mọ ọjà àti ilé ìfowópamọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà tí ẹ tọ̀ wá ti gùn tó, nítorí àjò kì í dùn títí kí onílé má relé.

Láti Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, dé Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Bàálù tí kò yà níbì kankan a gbéra ní Ìkẹjà, a ré Aṣálẹ̀ Sàhárà àti Òkun Mẹditaréníà kọjá, a gba òfuurufú ilẹ̀ Faransé, a sì balẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 6 ààbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń ná Àpápá sí Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn bàbá wa fi ń wà lójú agbami. Ẹni tí wọ́n bá túfọ̀ òbí fún nígbà náà, tó sì wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, sàréè ni yóò bá.

Síbẹ̀, ìhà tí ènìyàn kọjú sí lágbára ju iye ibùsọ̀ lọ. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá Èkó gan-an, nítorí náà aago wọn kò yàtọ̀ sí tiwa nígbà ooru, wákàtí kan péré ni ó sì fi ń rẹ̀yìn nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n New York, tó tó 8,400 kìlómítà sí Èkó, tí bàálù ń fi nǹkan bí wákàtí 11 rìn, ìwọ̀ oòrùn ló wà: wákàtí 5 ni aago ibẹ̀ fi ń rẹ̀yìn nígbà ooru, 6 nígbà òtútù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ a máa lajú sílẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, ebi a sì máa pa á, nítorí pé ara rẹ̀ ṣì ń jí pẹ̀lú àwọn ará ilé. Àìsàn kọ́, ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má sì sùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fóònù. Ẹni tó bá pe ìyá rẹ̀ láti New York ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà òtútù, aago mẹ́ta òru ló jí i, ìpè òru kì í sì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nílé wa: kí ó tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ ti já. Nítorí náà, ẹ ra aago méjì, kí ẹ so wọ́n kọ́ ara ògiri kan náà. Ti ibi tí ẹ wà, ẹ máa yí i bí ìjọba bá ti pàṣẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá ni. Èyí tó jẹ́ ti ilé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.